Ìkọ̀sílẹ̀ Ojú Oorun

Alẹ́ ọjọ́ Àtàláátà kan ni ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wá sí pálọ̀, ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n oògùn oorun ti gbé òun alára lọ síbi tí kò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti sọ tirẹ̀ kiri gbogbo Sabon Gari ní Zaria níbí, ó sì ti fi ata àti iyọ̀ sí i. Tèmi rèé.

A ti kírun Ìṣáì tán. Èmi, Abdulmutalib ọmọ wa àgbà, àti Hàjíà Ràbí, àbúrò ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìlọrin, la jókòó tí a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Alhaji Bẹ̀llò, ọkọ mi, ti gbé oògùn rẹ̀ mì, ó sì ti wọlé lọ sùn láti bíi ìdajì wákàtí. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, òun rèé lẹ́nu ọ̀nà nínú jàlámíà funfun. Ó wojú mi.

Ó ní, "Hàwáù, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yà sí ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó fi ọwọ́ bu túwó tútù pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì padà lọ sùn. Mutalib pariwo "Haba, Baba," nítorí pé Hausa ló máa ń jáde lẹ́nu ọmọ náà bí ẹ̀rù bá bà á. Hàjíà Ràbí kò pariwo ní tirẹ̀. Ó mú rímóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí àwa méjèèjì rántí pé òun gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo Mùsùlùmí ló mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́: ìkọ̀sílẹ̀ tí kò ní àtúnṣe. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá fìdí múlẹ̀, kí n máa ka oṣù mẹ́ta tí obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ń kà, kí n sì di ẹrù kúrò nínú ilé tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo ti bí ọmọ mẹ́rin, tí mo sì ti sin ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Mutalib, ọkọ mi kò pè mí ní Hàwáù mọ́. Ìyá Mutalib ló ń pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Hàwáù nínú ilé yẹn, òun náà ló mú rímóòtù dání.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ju Hàjíà Ràbí lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí i, tí mò ń pè é ní "ọkọ mi," tí òun sì ń fi imú dá mi lóhùn. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí kò rí oorun sùn lòun wá wò. Irọ́ ni. Ó wá mú un lọ sílé ni. Bó bá ti jókòó tì í, "Àjò kì í dùn kí onílé má rè 'lé" lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá wọn kú, Bẹ̀llò kò sí ńbẹ̀. Bàbá wọn kú, ó di ọjọ́ kejì kí Bẹ̀llò tó dé. Ilé tó kọ́ sí Ìlọrin, adìẹ ló ń yé sí pálọ̀ rẹ̀. Èmi sì ni ẹlẹ́bi, nítorí pé Zaria ni wọ́n bí mi sí, tí mo sì ti sọ pé n kò ní fi ọjọ́ orí mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé Ìlọrin.

Kí n sọ nípa oorun náà wàyí, nítorí òun ló bí gbogbo rẹ̀. Obì gbàǹja ni ọkọ mi ń tà, bàbá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ máa ń kó o dé láti Ṣàgámù ní ọ̀sán, àwọn oníbàárà Hausa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn Àlàásárì. Wọ́n á tú àpò, Alhaji á mú obì kan níwájú oníbàárà, á là á, á fún un ní awẹ́ kan, á sì fi awẹ́ kejì sẹ́nu ara rẹ̀. Wọ́n á jọ máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ẹni tó ń tà á kò gbọdọ̀ tu ú dànù. Bó bá tu ú, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọjà òun kò dáa. Oníbàárà mẹ́wàá, awẹ́ mẹ́wàá. Bí àsìkò ìgbéyàwó àwọn Hausa bá dé, ó lè di ogún, yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èmi ni mo máa ń ṣa èyí tó dáa jù fún un, tí mo máa ń fi ewé tútù wé e kó má bàa gbẹ. Mo máa ń ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Kí ẹ rántí pé mo jẹ́wọ́ èyí fúnra mi.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, oorun dá lójú rẹ̀. Ó ti ń tó ẹni ọgọ́ta ọdún, mo sì rò pé àgbà ló ń dé. Yóò dùbúlẹ̀, yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò mú fóònù, yóò máa wo wáàsí àti bọ́ọ̀lù títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Oníkẹ́míìsì kan lẹ́bàá ọjà ló fún un lóògùn. Ọkùnrin náà gé mẹ́wàá lára káàdì, kò fún un ní páálí, kò fún un ní ìwé tó wà nínú páálí, ó ṣáà ní kó máa lo ọ̀kan lálẹ́, kó padà wá gba òmíràn bó bá tán. Kí Ọlọ́run san án fún un bó ṣe tọ́ sí i.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rí i pé kì í ṣe oorun ni ọkọ mi ń sùn. Yóò jí láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n lù, yóò máa fara gbá ògiri lọ sí balùwẹ̀. Yóò kírun Àsùbáà, yóò tún bi mí bóyá òun ti kírun. Yóò máa tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù láti Àílà títí di Àlàásárì. Èyí tó burú jù ni ti ẹnu rẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan ń korò lẹ́nu òun bí ẹni tó lá irin. Ẹ ò rí ọ̀ràn bí, ẹni tó ń fi ẹnu ta obì kò mọ adùn obì mọ́. Níbi tó ti máa jẹ awẹ́ kan, ó ń jẹ méjì, mẹ́ta, kó lè mọ ohun tó ń tà. Bí obì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ló sì sọ oògùn di méjì lálẹ́. Kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó so ọ̀kan mọ́ ìkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá, ó jí, ó rí ọbẹ̀ lára jàlámíà rẹ̀, ó sì ń pe Mutalib pé ta ló da ọbẹ̀ sí òun lára. Kò rántí túwó, kò rántí pálọ̀. Hàjíà Ràbí ló sọ fún un. Ó sọ ọ́ níwájú mi, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Mò ń retí kó sọ pé, "Kò ṣeé ṣe, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ti ẹnu mi jáde." Ohun tó sọ ni pé, "Bí ẹnu mi bá ti sọ ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Hàjíà Ràbí ní, "Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́."

Ó ní òun yóò pe Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá wá lọ́jọ́ Jímọ̀, àti pé kí ọjọ́ náà tó pé, kí n má wọ yàrá arákùnrin òun. Mo kó ẹní mi lọ sí yàrá tí àwọn ọmọbìnrin mi ń lò kí wọ́n tó lọ ilé ọkọ. Mo sunkún níbẹ̀, inú sì ń bí mi pé mò ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ mi yìí, bóyá ọkọ mi jí tàbí kò jí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Mo sì mọ ẹni tó lè sọ ọ́.

Dókítà Oyinkọ́lá Ọládàpọ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní kílíníìkì kékeré kan ní Hanwa. Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo sọ fún ọkọ mi pé bí kò bá bá mi lọ, èmi àti ẹ̀ yóò jọ dé iwájú Ìmáàmù láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó tẹ̀lé mi. Hàjíà Ràbí náà wọ híjáàbù rẹ̀, ó ní a kò ní lọ kó èké jọ lẹ́yìn òun. Kẹ̀kẹ́ kan náà la wọ̀, ọkọ mi wà láàárín bí ẹrù tí ẹni méjì ń dù.

Dókítà kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, kò sì ní sùúrù. Ó gba káàdì oògùn lọ́wọ́ wa, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Ó bi Alhaji bóyá ó ń mu kọfí. Rárá. Tíì líle tí wọ́n ń sè lójú títì ńkọ́? Rárá. Sìgá? Alhaji ní àsítàgfirúlláhì. Fóònù lórí ibùsùn? Bẹ́ẹ̀ ni. Oorun ọ̀sán? Bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ń kọ, ó ń mi orí, lójijì ló gbójú sókè tó wo eyín rẹ̀.

"Bàbá, kí ló pa eyín yín láró báyìí?"

"Obì."

"Mélòó lẹ máa ń jẹ lójúmọ́?"

"N kì í jẹ obì. Mo máa ń tà á ni."

Èmi gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé òótọ́ ni, Hàjíà Ràbí náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n òun kì í jẹ obì. Ohun kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì fi ẹnu kò sí láti ọdún tí a ti mọra nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ obì lójú tiwa ni arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń rún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ti Alhaji, iṣẹ́ ni. Dókítà ní ká ṣàlàyé bó ṣe ń tà á, mo sì ṣàlàyé, láti orí àpò dé orí awẹ́. Ó fi bírò sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló wá ń jẹ awẹ́ kejì?"

Dókítà ní ohun tó ń lé oorun nínú kọfí, òun náà ló wà nínú obì, obì kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ lèèyàn fi ń jẹ ẹ́ tàbí fàájì. Ó ní ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn Àlàásárì, ó ń gbé e wọ ibùsùn ni. "Bàbá, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún lé oorun lọ, ẹ wá ń fi ọwọ́ òsì rà á padà." Ó bá oníkẹ́míìsì wí lẹ́yìn rẹ̀, ó bá èmi náà wí. Ó ní irú oògùn yìí máa ń mú kí àwọn kan dìde rìn, kí wọ́n dáná, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wa mọ́tò pàápàá, kí wọ́n má sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò yẹ kó máa bá a lọ, bó ṣe ń sọ ọ́ di méjì ló sì ń mú ewu náà pọ̀ sí i.

Mo bi í léèrè ohun tó gbé mi wá. Mo ní ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ó jí ni àbí kò jí?

Ó ní, "Ẹsẹ̀ àti ẹnu ló jí, mà. Ọpọlọ kò jí."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Hàjíà Ràbí ní ìwé dókítà kò lè ju ìwé Ọlọ́run lọ. Dókítà ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ ọ́ sínú ìwé tòun.

Lẹ́yìn Jímọ̀, Ìmáàmù dé. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Hàjíà Ràbí jẹ́rìí, Mutalib jẹ́rìí, Mutalib sì mẹ́nu ba túwó tútù. Mo rò pé túwó yẹn yóò ti gbà mí, àṣé mi ò tíì mọ obìnrin yìí tó. Ó ní Ìmáàmù, ẹni tó mutí yó tó kọ ìyàwó rẹ̀, ṣé àwọn onímọ̀ kò ti sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ náà lè mú un, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ọtí sẹ́nu? Ta ló gbé oògùn sí Bẹ̀llò lẹ́nu? Ó ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìmáàmù fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó tún ìwé dókítà ṣí.

Ó bi ọkọ mi pé nígbà tó ra oògùn, ṣé ẹnì kan sọ fún un pé ó lè mú kó sọ ohun tí kò mọ̀. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní ṣé ó rí ìwé kankan kà. Rárá.

Ìmáàmù ní, "Ẹni tó mu ọtí mọ̀ pé ọtí lòun mu. Bẹ̀llò rò pé oorun lòun ń gbé mì. A sì ti gbé kálámù tó ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá kúrò lórí ẹni tó ń sùn títí yóò fi jí. Kò kọ ìyàwó rẹ̀." Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí n fi orí kan ilẹ̀ nígbà tó na ìka sí ọkọ mi. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ó ti mọ̀. Bẹ̀llò, bí o bá tún gbé e mì, tí kì í ṣe ìwọ̀n tí dókítà fi sọ́wọ́ ìyàwó rẹ, tí ẹnu rẹ sì tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, má pè mí. Màá kà á sí ọ lọ́rùn."

Hàjíà Ràbí bú sẹ́kún. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun kú síbi tí òun kò ti ní lè rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Mo gbọ́ ọ, ó sì dun mí fún un, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rántí rímóòtù.

Dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí oògùn wà lọ́wọ́ mi, ká má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ká dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó di ọ̀kan, ó di ìlàjì, ó di ìlàjì ní alẹ́ kan tí a ó fo alẹ́ kejì. Agolo mílíìkì ni mo kó o sí, mo tì í mọ́ inú àpótí mi, mo sì ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá ti kírun Ìṣáì tán. Bó bá kírun Àsùbáà, mi ò jẹ́ kó padà sórí ibùsùn, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún ló sùn lóru. Yóò rìn dé Gyellesu, yóò rìn padà, kí oòrùn àárọ̀ lè bà á lójú. Oorun ọ̀sán di èèwọ̀. Aago mẹ́wàá ni ibùsùn, lójoojúmọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò dé, kó dìde jókòó síta títí ojú rẹ̀ yóò fi wúwo, kó má máa bá ìrọ̀rí jà. Ó kórìíra mi ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì sọ ọ́ fún mi lójúmọmọ. Mo ní kò burú, ó kúkú jí.

Obì ló kù. Ó búra pé bí òun kò bá jẹ awẹ́ pẹ̀lú oníbàárà lẹ́yìn Àlàásárì, ọjà bàbá òun ti parẹ́ nìyẹn. Mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fúnra mi. Mo sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ra obì Alhaji Bẹ̀llò, àárọ̀ ni kó wá, a kì í tú àpò mọ́ lẹ́yìn Àílà. Wọ́n kùn. Àgbàlagbà kan láti Funtua ní ṣé obìnrin ni yóò wá máa pàṣẹ fún wọn lórí goro, ìyẹn obì. Mo fi Hausa tó dùn ju tirẹ̀ lọ dá a lóhùn pé obì tó lè lo oṣù méjì nínú ewé, kí ló ń lé e tí kò lè dúró di àárọ̀? Ó wò mí títí. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló dé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè yẹn rí, èmi tí mò ń fi ewé wé e náà kò béèrè.

Ó ku ìlàjì mẹ́rin nínú agolo nígbà tí alẹ́ tó le jù dé. Ó ti lo òru mẹ́ta láìsùn dáadáa. Ó jókòó sí pálọ̀, Hàjíà Ràbí jókòó tì í. Alẹ́ tí kò yẹ kó lo oògùn ni.

Ó ní, "Ìyá Mutalib, fún mi ní oògùn yẹn. Gbogbo rẹ̀."

Hàjíà Ràbí ní, "Fún un. Ṣé o fẹ́ kó kú ni?"

Ó ti sú mi. Mo tú kọ́kọ́rọ́, mo gbé agolo wá, mo ṣí i, mo sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Mo ní, "Alhaji, òun rèé. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìmáàmù sọ. Mi ò ní ṣọ́ yín. Bí ẹ bá gbé e mì, èmi yóò jókòó síbí, màá sì máa dúró de ohun tí ẹ máa jáde wá sọ."

Ó wo agolo. Ó wo àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta nínú ọyẹ́. Mi ò tẹ̀lé e. Èmi àti ọkọ mi obìnrin jókòó, agolo wà láàárín wa. Nígbà tó wọlé, ó kọjá lára wa láìwo tábìlì, ó sùn, Àsùbáà ló sì jí i.

Mo bi dókítà lọ́jọ́ kejì, ó ní bó bá ti lè sùn láìsí i, kó má padà sí i mọ́. Mo da ìlàjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ṣáláńgá. Hàjíà Ràbí padà sí Ìlọrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo sìn ín dé ibi tó ti wọkọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ó dé're o." Ó ní, "Hàwáù, ó dàbọ̀." Kò sí ohun tó yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ mi ń sùn báyìí. Ẹnu rẹ̀ ti padà sípò, bó bá jẹ awẹ́ kan láàárọ̀ ó ti mọ oko tí obì náà ti wá. Mo ti kó ẹní mi padà sí yàrá rẹ̀. Ní alẹ́ kan tí iná ti kú tí a ń sinmi, mo bi í léèrè ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ Àtàláátà yẹn. Mo ní, "Alhaji, ṣé ó wà lọ́kàn yín rí?"

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni Ràbí ń sọ fún mi pé, kọ Hàwáù sílẹ̀, jẹ́ ká máa lọ sílé. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé rárá. Ó wá rẹ̀ mí. Mi ò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn lójú oorun."

Mo dúró kó sọ pé kò wà lọ́kàn òun rí. Kò sọ ọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí oògùn kankan lára rẹ̀, kálámù sì ti padà sórí rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sùn lọ.

Inú ń bí mi síbẹ̀. Mò ń dáná, mò ń tú àpò obì, mò ń sùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní alaalẹ́, kí n tó pa ojú mi dé, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.